Ibi Tí Omi Kò Dé: Gíga Ilẹ̀ àti Ìtàn láti Sèmè-Kpodji dé Àjàṣẹ́

Bí ó bá jẹ́ pé òkè nìkan ló ń fún ìlú ní ìtàn, Sèmè-Kpodji, ní etíkun orílẹ̀-èdè Benin, kì bá ní ohunkóhun láti sọ. Láti etí òkun títí dé etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), yanrìn ló tẹ́ rẹrẹ, igi àgbọn ló sì ga jù lórí rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà kò fi mítà mẹ́fà ga ju ojú òkun lọ, ibòmíràn sì wà tí kò tó mítà kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwa Yorùbá fẹ́ràn òkè nínú ìtàn wa. A máa ń sọ bí Olúmọ ṣe di ààbò fún àwọn Ẹ̀gbá láti 1830, bí àwọn ará Ìdànrè ṣe gbé orí òkè fún ìrandíran kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, bí àwọn òkúta ńlá ṣe ṣíji bo Ṣábẹ̀ẹ́, àti bí Dassa ṣe ń fi òkè mọ́kànlélógójì yangàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ta ni yóò jókòó láti kọ ìwé nípa yanrìn pẹrẹsẹ? Èmi rò pé ó yẹ kí a kọ ọ́. Ohun tí mo gbà ni pé ní etíkun yìí, mítà kan tàbí méjì ti ṣe iṣẹ́ tí òkè ńlá ń ṣe níbòmíràn: òun ló sọ ibi tí àwọn ènìyàn tẹ̀dó sí, ibi tí ọba gbé, ọ̀nà tí ọjà gbà, ibi tí ogun ti rí àyè wọlé, àti àwọn tí omi ń lé kúrò nílé lónìí. Ìdí rẹ̀ ni pé gíga ilẹ̀ kì í dá ṣiṣẹ́. Omi tó yí ilẹ̀ náà ká ló ń sọ ọ́ di nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ìwọ̀n ṣe iṣẹ́ tó péye gan-an. Ordnance Survey, iléeṣẹ́ tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fún wọn, bẹ̀rẹ̀ ní 1791, nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé Faransé lè gbógun ja wọ́n. Kí gbogbo ìlú àti abúlé lè ní òdo kan ṣoṣo tí a ó máa kà láti ibẹ̀, wọ́n fi ọdún mẹ́fà, láti oṣù karùn-ún 1915 dé oṣù kẹrin 1921, ka bí òkun ṣe ń kún tó sì ń fà ní Newlyn, ní Cornwall, wákàtí dé wákàtí. Agbedeméjì kíkún àti fífà yẹn ni òdo wọn títí di òní. Faransé ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn ní Marseille, láti 1885 dé ìbẹ̀rẹ̀ 1897. Láti òdo Newlyn ni Ben Nevis, òkè tó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ní 1,345 mítà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ben Nevis ló ṣe ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkìtì kan wà ní ìlà-oòrùn England tí ó ga ní mítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré, tí ìlú Ely wà lórí rẹ̀. Ní Skọ́tílándì, kò sẹ́ni tí yóò pe irú ibẹ̀ ní òkè. Irà ló yí Ely ká nígbà àtijọ́, ilẹ̀ tí omi ń bò tó sì ń ṣí, débi pé erékùṣù ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀ ni Hereward àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kọjú ìjà sí William Aṣẹ́gun ní 1070 sí 1071. Ọba tó ti gba adé England ní láti tẹ́ ọ̀nà sórí irà kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó lè dé orí òkìtì kékeré yẹn. Mítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí omi yí ká le ju ẹgbẹ̀rún mítà tí ọ̀nà gbígbẹ gbà dé lọ.

Ètò ilẹ̀ tiwa ṣe kedere ju ti Ely lọ. Bí ènìyàn bá kúrò ní etí òkun ní Sèmè tó kọjú sí àríwá, ilẹ̀ náà dà bí oko tí wọ́n kọ ebè sí: ebè yanrìn gígùn kan tó bá etí òkun rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, poro olómi lẹ́yìn rẹ̀ tó kún fún koríko irà, ebè mìíràn, poro mìíràn. Òkun fúnra rẹ̀ ló to àwọn ebè wọ̀nyí jọ ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn tí omi òkun ti gòkè tán tó sì rọlẹ̀. Èyí tó sún mọ́ òkun jù ló kéré jù lọ́jọ́ orí. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ọ̀sà Àjàṣẹ́, tí Totchè so pọ̀ mọ́ ọ̀sà Nokoué ní ìwọ̀-oòrùn, tí omi sì gbà láti ibẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì àti Èkó ní ìlà-oòrùn. Odò Ouémé, tó rìn ní nǹkan bí 510 kìlómítà láti àríwá, ló ń da omi rẹ̀ sínú gbogbo èyí. Bí a bá wá kọjá ọ̀sà náà tán, ilẹ̀ gbé orí sókè. Amọ̀ pupa ni, ó le, ó fi ogún mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju omi lọ, ó sì ń ga díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀nà Sákétẹ́ àti Pobẹ̀. Etí ilẹ̀ pupa yẹn, níbi tó ti bojú wo ọ̀sà, ni Àjàṣẹ́ jókòó sí.

Àwọn tó kọ́kọ́ yan ibẹ̀ kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé ọdẹ Yorùbá mẹ́ta, Obagadjou, Anata àti Akakpo-Agbon, ló tẹ Akron dó, níbi tí ojúbọ Avessan, ẹbọra olórí mẹ́sàn-án, ṣì wà títí di òní. Lẹ́yìn wọn ni Tè-Agbanlin dé láti Allada, tó sì dá ìjọba àwọn Ègùn sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdẹ wá ẹran, ọmọ ọba wá ìtẹ́. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì bá pàdé. Ilẹ̀ tó lè gbin ọ̀pẹ àti àgbàdo wà lẹ́yìn, omi tó lè gbé ọkọ̀ wà níwájú, ìkún omi kì í sì í dé ilé. Ṣùgbọ́n ìjọba tó wà lórí amọ̀ pupa nílò òkun, òkun sì jìn sí i; Sèmè ló fún un ní òkun. Níwájú yanrìn Sèmè ni ọkọ̀ òyìnbó ń dákọ̀ró sí, nítorí kò sí èbúté kankan tó fara sin ní etíkun yìí, ìgbì sì ń fọ́ lákọlákọ. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń kó ẹrù àti ènìyàn la ìgbì kọjá. Nígbà tí Eucaristus de Campos, oníṣòwò Pọtogí, fi Porto-Novo pe ibẹ̀ ní 1752, èbúté etí òkun ni orúkọ náà kọ́kọ́ bá, kó tó gun òkè lọ bá ìlú ọba. Ọ̀nà tí àìmọye ènìyàn gbà kúrò nílé tí wọn kò sì padà mọ́ nìyẹn: láti orí ilẹ̀ pupa sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀sà, láti ọ̀sà dé yanrìn Sèmè, láti Sèmè dé inú ọkọ̀ ẹrú.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa ni pé kí ló dé tí ọba kò gbé Sèmè, níbi tí owó ti ń wọlé. Ní Elmina àti ní Cape Coast, ní etíkun Gánà, òyìnbó kọ́ odi ńlá sí etí òkun, ìlú sì dàgbà yí i ká. Níhìn-ín, etí òkun kò ju ibi ìgbẹ́rùlé lọ. Mo rí ìdí rẹ̀ nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Orí ebè yanrìn, oko kò lè bọ́ ìlú ńlá. Àgbọn ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n àgbọn nìkan kò bọ́ ìlú ọba. Bí omi bá kún, poro tó wà láàárín ebè di odò, ebè kọ̀ọ̀kan sì di erékùṣù tẹ́ẹ́rẹ́. Ọba tó bá jókòó síbẹ̀ yóò ní òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn, kò sì ní rí ibi tí yóò sá sí. Nítorí náà, ìjọba náà pín ara rẹ̀ sí méjì: àṣẹ wà lókè, ọjà wà nísàlẹ̀, omi ló sì wà láàárín wọn, tí ẹni tó bá ní ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń jọba lé lórí.

Bí a bá wo ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́, ìdí náà tún hàn sí i. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Ọ̀yọ́ wá ọ̀nà sí òkun. Ìjọba Dàhómì, ní ìwọ̀-oòrùn, ti gba Allada ní 1724 àti Wída ní 1727, gbogbo ẹni tó bá gba ìwọ̀-oòrùn yóò sì san owó fún un. Aláàfin Abíọ́dún, tó jọba láti nǹkan bí 1774 dé 1789, yan Àjàṣẹ́, ó sì jẹ́ kí Dàhómì mọ̀ pé òun kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bu ọwọ́ sí oúnjẹ òun níbẹ̀. Agbára Ọ̀yọ́ ni ẹṣin, ẹṣin kò sì lè wọ irà. Bí ènìyàn bá wo ọ̀nà tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò sọ̀ kalẹ̀, yóò rí i pé ó lè dé etí Àjàṣẹ́ láì gun ọ̀sà kankan, nítorí pé ilẹ̀ pupa náà kò já láti ibẹ̀ títí dé ojú omi. Àwọn èbúté mìíràn lórí yanrìn, bí Àgbádárìgì, ní omi tàbí irà láàárín wọn àti ilẹ̀ gbígbẹ. Ní ìwọ̀-oòrùn Àjàṣẹ́, àfonífojì Ouémé, tí omi ń bò lọ́dọọdún, ni kò jẹ́ kí Dàhómì rọrùn láti dé. Ibi tí ẹṣin Ọ̀yọ́ lè dé, tí ẹsẹ̀ Dàhómì sì máa ń rì kó tó dé, kò pọ̀ ní etíkun yìí. Gíga ilẹ̀ ló pinnu rẹ̀.

Wọ́n lè dá mi lóhùn pé mo ń gbé ilẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn jagunjagun ló ṣe ìtàn Àjàṣẹ́, ilẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Òótọ́ ni. Bí Dàhómì kò bá ṣẹ́gun Allada, bóyá Ọ̀yọ́ kì bá ti wá sí Àjàṣẹ́ rárá. Bí owó ẹrú kò bá sí, Sèmè ì bá jẹ́ abúlé apẹja lásán. N kò sọ pé ilẹ̀ ló pàṣẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ṣe yíyàn, ilẹ̀ ti dín ohun tó lè yàn kù, ní etíkun tó tẹ́ báyìí, ó sì dín in kù gan-an. Ní orí òkè Ìdànrè, ènìyàn lè kọ́lé sí ibi púpọ̀. Láàárín òkun àti Sákétẹ́, ibi tí ilẹ̀ gbígbẹ àti omi tó ń gbé ọkọ̀ ti pàdé ara wọn lójúkojú kò tó nǹkan, ta ló sì lè yà á lẹ́nu pé ọdẹ, ọba àti Aláàfin wá sí ibì kan náà?

Àtakò kejì ló le jù, n kò sì fẹ́ fò ó. Àwọn Tofinu ti Ganvié kọ ilẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n kọ́lé sórí ọ̀sà Nokoué fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn akóniẹ́rú, ìtàn wọn sì sọ pé èèwọ̀ kò jẹ́ kí ọmọ ogun Dàhómì tẹ̀lé wọn wọ omi. Àwọn ará Aguégués náà ń gbé bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ìlẹ̀kùn Àjàṣẹ́. Bí ènìyàn bá lè gbé orí omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀, ṣé gíga ilẹ̀ tún jẹ́ nǹkan? Mo rò pé àwọn ni ẹlẹ́rìí tó dára jù fún ohun tí mo ń wí. Òpó tí ilé Ganvié dúró lé jẹ́ gíga tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ẹni tó ń ri òpó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi máa dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, nígbà tí òjò tó rọ̀ ní àríwá bá sọ̀ kalẹ̀ gba Ouémé dé gúúsù, tí oòrùn sì lè máa ràn ní ìhín. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, omi á wọ yàrá. Bí ó bá ga jù, igi tó ṣọ̀wọ́n ló fi ṣòfò. Kò sí ará ìlú orí òkè kan tó mọ gíga ilé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àgbá òyìnbó wá yí ìṣirò náà padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yí. Gẹ̀ẹ́sì ti yin àgbá sí Èkó ní 1851, wọ́n sì gba ìlú náà ní 1861. Ní ọdún 1861 yẹn kan náà, ọkọ̀ ogun wọn gba ojú ọ̀sà láti Èkó wá sí Àjàṣẹ́, wọ́n sì yin ìlú Ọba Sodji lágbàá. Ilẹ̀ gíga tó bojú wo omi, tó ti jẹ́ èrè fún ìlú náà, wá di ohun tó gbé e síwájú àgbá. Sodji sá lọ sábẹ́ ààbò Faransé ní 1863. Ààbò náà kò pẹ́, ó sì padà wá ní 1883 lábẹ́ Ọba Toffa. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì náà. Nígbà tí ogun Béhanzin, ọba Dàhómì, wá kọlu Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹrin 1890, kò gba omi wá. Ẹ̀yìn ìlú ló gbà, láti àríwá, lórí ilẹ̀ pupa, ọ̀nà gbígbẹ kan náà tí ẹṣin Ọ̀yọ́ ti ń gbà. Ní Atchoukpa, tó wà ní Avrankou lónìí, ni wọ́n ti pàdé Faransé ní ogúnjọ́ oṣù náà. Ní 1892, Ọ̀gágun Dodds ti Faransé lo omi tirẹ̀: ọkọ̀ ogun kéékèèké bá a gba odò Ouémé lọ sókè, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ ní Dogba ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, kí oṣù kọkànlá sì tó parí, Abomey, olú-ìlú Dàhómì, ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú kan náà ni, ó ní ojú méjì: omi ló ń ṣọ́ ọ níwájú títí àgbá fi dé, kò sì sí ohun tó ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn.

Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà nínú àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889 fi hàn bí yanrìn Sèmè ṣe tẹ́ tó. Kò sí òkè tàbí odò tó dá ebè yanrìn náà dúró ní Kraké, níbi tí ẹnubodè wà. Ebè kan náà ló ti Kútọnu wá, tó sì ń lọ sí Àgbádárìgì. Ìlà ni wọ́n kàn fà gba orí rẹ̀. Títí di òní, títì tó so Èkó pọ̀ mọ́ Kútọnu, Lomé, Accra àti Abidjan tọ orí yanrìn lọ níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ ló gbẹ jù. Ní Sèmè ló ti yà, tí ẹ̀ka kan gun ọ̀sà lọ sí Àjàṣẹ́, tí èkejì lọ sí ẹnubodè. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 dé oṣù kejìlá 2020, ebè tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n dí, ẹni tí kò lè gba orí rẹ̀ sì wá inú omi gbà.

Kútọnu ni àwọn tó bá fẹ́ já mi nírọ́ yóò nawọ́ sí. Ìlú náà wà nísàlẹ̀ bíi Sèmè, síbẹ̀ ó ti fi Àjàṣẹ́ sílẹ̀ jìnnà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú lórí ìwé, tí ilé àwọn gómìnà àtijọ́ sì di ibi tí àwọn aṣòfin ń jókòó. Bí ọkọ̀ ńlá bá lè gúnlẹ̀, kí ni gíga ilẹ̀ fẹ́ ṣe mọ́? N kò jiyàn pé Kútọnu borí. Mo kàn fẹ́ kí a ka iye tó ná wọn. Ní 1885, omi ọ̀sà kún débi pé ó ń wu àwọn ilé ìtajà Kútọnu léwu, Faransé sì gé yanrìn láti jẹ́ kí omi Nokoué rí ọ̀nà sí òkun. Mítà díẹ̀ ni wọ́n gé. Láti ọjọ́ yẹn ni omi iyọ̀ ti ń wọ ọ̀sà tó ti jẹ́ omi dídùn, tí omi Ouémé tó ti ń gba ẹ̀yìn Sèmè lọ sí ọ̀nà Èkó sì ti ní ẹnu kejì. Afárá ọkọ̀ ojú omi dé ní nǹkan bí 1893. Èbúté ńlá ṣí ní 1965, pẹ̀lú ògiri òkúta tó na ara rẹ̀ sínú òkun. Yanrìn etíkun yìí kì í dúró lójú kan. Ìgbì ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn lọ́dọọdún. Ògiri náà dá a dúró, ó ń kó jọ ní ìwọ̀-oòrùn èbúté, òkun sì ń jẹ ìlà-oòrùn tí kò rí yanrìn gbà mọ́, láti ẹ̀yìn Kútọnu bọ̀ sí Sèmè. Èkó ti rí irú rẹ̀ ṣáájú: lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀sà láàárín 1908 àti 1912, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Nítorí náà, Kútọnu kò bọ́ lọ́wọ́ gíga ilẹ̀. Ó gbé gbèsè náà fún aládùúgbò tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀.

Sèmè sì ti gba ju yanrìn tí ó sọnù lọ. Wọ́n ti wa epo rọ̀bì nínú òkun iwájú rẹ̀ láti 1982 dé 1998, ọ̀pá epo tó rìn tó ẹgbẹ̀rún méjì kìlómítà láti Agadem ní Niger sì parí sí etí òkun rẹ̀, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé epo níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2024. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń yí ilẹ̀ náà padà jù. Ìkànìyàn 2002 bá bíi 115,000 ènìyàn níbẹ̀. Ti 2013 bá ju 220,000 lọ. Àwọn tí ilẹ̀ Kútọnu ti wọ́n jù fún ló ṣí wá sí Agblangandan àti Ekpè ní Sèmè. Abúlé àtijọ́ ti gba orí ebè. Poro ló kù fún àlejò. Ilẹ̀ poro kì í wọ́n bíi ti orí ebè, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sì sí ohun tó fi hàn pé omi ní ilé níbẹ̀. Kí wọ́n lè kọ́lé, wọ́n ń da yanrìn àti ìdọ̀tí sí i. Ibo ni wọ́n ti ń rí yanrìn? Wọ́n wa á ní etí òkun tẹ́lẹ̀, títí ìjọba fi fòfin dè é, tí wọ́n sì ní kí àwọn awayanrìn máa lọ sínú ọ̀sà. Bí a ṣe ń bu ebè láti fi kún poro nìyẹn. Ní 2010, nígbà tí ìkún omi bá 55 nínú 77 ìjọba ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin, omi kò ṣe ju pé ó padà sí ibi tó ti ń dé.

Ẹnìkan yóò ní owó àti ẹ̀rọ lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì kò gbẹ irà tó yí Ely ká ni? Wọ́n gbẹ ẹ́, láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Vermuyden ará ilẹ̀ Dutch ló ṣáájú iṣẹ́ náà, oko tó lọ́ràá jù ní England sì wà níbẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ní Holme Fen, kò jìnnà sí ibẹ̀, wọ́n ri òpó irin mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 1851, orí òpó náà sì bá ilẹ̀ dọ́gba. Bí omi ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ irà dúdú yẹn ń sún kì, tó ń wọlẹ̀ lọ. Òpó náà ti yọ tó mítà mẹ́rin báyìí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fi ju mítà méjì lọ wà lábẹ́ ojú òkun. Ilẹ̀ Sèmè kì í ṣe irú ilẹ̀ yẹn gan-an, yanrìn kì í sún kì bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi kò lè sinmi ní England láti ìgbà náà, ìjọba àti àwọn àgbẹ̀ sì ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù kìíní 1953, òkun ya odi rẹ̀, ènìyàn 307 sì kú ní England nìkan, púpọ̀ nínú wọn ní àwọn ìlú kéékèèké tó wà nísàlẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀ lè ra gíga, ṣùgbọ́n ó ń san án díẹ̀díẹ̀ ni, kò sì tíì san án tán.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wá kù. Bí ènìyàn bá wá gíga Sèmè-Kpodji tàbí Àjàṣẹ́ lónìí, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni yóò rí fún odindi ìlú. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wá láti ojú òfurufú, láti inú iṣẹ́ tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Endeavour fi rédà ṣe ní ọjọ́ mọ́kànlá ní oṣù kejì 2000, nígbà tó wọn ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Àṣìṣe tí wọ́n fàyè gbà nínú iṣẹ́ náà lè tó mítà mẹ́rìndínlógún. Rédà náà kì í sì í rí ilẹ̀ níbi tí igi tàbí ilé bá ti dí. Ewé àti òrùlé ló ń kà. Ní Ben Nevis, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò yí nǹkan kan padà. Ní Sèmè, ó ju gíga gbogbo ilẹ̀ lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ìlú gba gíga igi àgbọn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gíga ilẹ̀ rẹ̀, kí ìjọba sì fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ pinnu ibi tí wọ́n máa kọ́ ilé ìwé sí. Ìwọ̀n tó wúlò níhìn-ín kò ní kí a lọ dé Newlyn tàbí Marseille. Kí awọnlẹ̀ ṣàmì ibi tí omi ọ̀sà dé ní ọdún tó kún jù, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ láti àmì náà dé orí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, kó sì kọ ìyàtọ̀ náà sínú ìwé ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó ń rà tó ka owó sílẹ̀.